Apá Tó Lè Kọ̀

"Ara kọ̀."

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù, ó sì dùn, bí ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Iná pupa tàn yòò lára ẹ̀gbà irin tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì Ìyá Moróhunfólú, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ sì dúró gbagidi.

Dókítà Ìbírónkẹ́ yára gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lórí síríńjì. Oògùn tó ti wọlé kò ju ẹ̀kán kan lọ. Wàrà oorun ni wọ́n ń pè é ní Òkè-Àbò, oògùn funfun báláú tí wọ́n fi ń mú èèyàn sùn kí abẹ tó kàn án. Ẹ̀kán kan ṣoṣo yẹn ni ìyá náà fi ké "Yéè!" tó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà bí ẹni tó ṣèèṣì tọwọ́ bọ epo gbígbóná.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ó ń jó mi." Ìyá náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Bí ìgbà tí wọ́n da ata sójú egbò. Ó ń gun apá mi bọ̀ lókè."

"Ara kọ̀," ni ẹ̀rọ náà tún wí. "Ìkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fún un láyè, kí ẹ tún bi í. Bí ara bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, yàrá yìí yóò tì títí di àárọ̀ ọ̀la."

Ọkùnrin kan tó ti dúró sí kọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ síwájú. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni, aṣojú òfin nínú yàrá náà. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, bí gbogbo irú wọn. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè wáyé ní Òkè-Àbò láìsí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

"Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sí yàrá kejì. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í nígbà tó bá ń ronú."

Dókítà Fákúnlé tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè nínú ìbọ̀wọ́. Àgbàlagbà ni, sùúrù rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. "Ọ̀gbẹ́ni, ìfun obìnrin yìí ti lọ́ mọ́ra, ó ti ń kú sínú ikùn rẹ̀ láti òwúrọ̀. Bí ẹ bá ti yàrá yìí di ọ̀la, ta lẹ fẹ́ bi léèrè lọ́la? Pósí?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, sà."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló wo obìnrin tó wà lórí ibùsùn, ó sì sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣòfin náà nínú yàrá yẹn.

Ìyá Òfin ni wọ́n ń pè é káàkiri òkè. Nígbà Ọdún Omi, tí òkun gba etíkun, tí àwọn èèyàn ń gun òkè bọ̀ tọmọtọmọ, ọmọdébìnrin kan dùbúlẹ̀ nínú àgọ́ àwọn tí kò nílé mọ́, ibà ń ṣe é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ ibà. Ìgbà tó jí, ojú abẹ tí wọ́n ti rán wà ní ìhà rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ kan sì ti lọ. Moróhunfólú ni ọmọ náà. Nígbà tó dàgbà, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń ṣí ìhà rẹ̀ han àwọn ìgbìmọ̀, títí wọ́n fi gbé òfin náà kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń kà á lórí ìlà: a kì í bo ẹnu tí kò tíì sùn, a kì í da orí tí kò tíì gbà rú, apá tó kú kò lè jẹ́rìí.

Nísinsìnyí, òun ló wà lórí ibùsùn.

* * *

Ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá kejì pa dé, Fákúnlé yíjú sí Ìbírónkẹ́. Lójú fèrèsé, oòrùn ọ̀sán ń dán lórí omi tó bo gbogbo ìsàlẹ̀ òkè náà lọ títí ojú kò fi lè rí i mọ́.

"Rónkẹ́, kí la fẹ́ ṣe? Afẹ́fẹ́ oorun ńkọ́? Ká fi ìbòmú bò ó nímú lẹ́ẹ̀kan."

"Òfin ò gbà ká bo ẹnu ẹni tí kò tíì sùn, ọ̀gá. Ẹ mọ̀."

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn?"

"Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Bí mo bá gún un lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ lè má gbé e."

"Iṣan ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́? Ṣebí ibẹ̀ kì í jó tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo wá a lápá méjèèjì. Ó ti gbẹ. Àwọn ọdún tó fi ń gba omi sára ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn nìkan ni mo rí, kò sì nípọn ju òwú ìránṣọ lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Bí iṣan bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà oorun ṣe ń jó tó. Mo lè rọra tì í. Mo lè gbé e gbóná díẹ̀. Àmọ́ yóò ṣì jó, yóò ṣì fa ọwọ́."

Fákúnlé sún mọ́ ọn. Ó wo ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Oògùn amúrakú wà lọ́wọ́ rẹ."

Ìbírónkẹ́ fọwọ́ bo àpò aṣọ rẹ̀. Ìgò kékeré náà wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ohun tí wọ́n fi ń pa ojú egbò lára kú kí wọ́n tó rán an ni, òfin kò sì bínú sí i fún ìyẹn. Ohun tó kà léèwọ̀ ni kó wọ inú apá tí ẹ̀gbà wà kí ẹni náà tó sùn.

"Po díẹ̀ mọ́ wàrà yẹn," ni Fákúnlé wí. "Ìwọ̀nba díẹ̀. Kò ní yí àwọ̀ padà. Ẹ̀rọ máa ń mọ̀ ọ́n bó bá dá wọlé, àmọ́ bó bá ti pò mọ́ wàrà, kì í mọ̀ ọ́n. Ta ni kì í ṣe é? Ṣé o rò pé gbogbo àwọn aláìsàn tó ń rẹ́rìn-ín sùn ní ilé ìwòsàn yìí, àdúrà ló ń bá wọn ṣe é?"

"Èmi ò ṣe é rí."

"Ìwọ náà ò tíì ní ẹni tó ń kú lọ báyìí rí tí ẹ̀rọ sì ń pè é ní ìkọ̀. Ìbírónkẹ́, ara obìnrin yìí ò kọ̀. Ó dùn ún ni! Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ ìyàtọ̀."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ó fa síríńjì tuntun yọ, ó fa wàrà oorun sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ sápò, ó fa omi gaara náà díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó mì í. Funfun ni síbẹ̀. Bí èèyàn bá lójú mẹ́wàá, kò lè mọ̀.

"O ṣeun," ni Fákúnlé wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ìbírónkẹ́ ti ilẹ̀kùn náà ṣí, ó sì padà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

* * *

Ṣówándé ti jókòó ti ibùsùn. Ojú Ìyá Moróhunfólú ti jìn sínú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìwò rẹ̀ mú síbẹ̀ bí ti ẹni tó ti dúró níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbìmọ̀. Ó wo dókítà náà, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló wà nínú ìyẹn?"

Ìbírónkẹ́ ti múra sílẹ̀ fún ìbẹ̀rù ìyá náà. Ó ti múra sílẹ̀ fún igbe. Kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. Ìdáhùn kan ti wà lẹ́nu rẹ̀, *wàrà oorun ni, Màmá*, kì bá sì tí jẹ́ irọ́ pátápátá. Fákúnlé ń wò ó láti ìdí tábìlì irinṣẹ́. Ikùn ìyá náà tó wú lábẹ́ aṣọ ń lọ sókè sódò.

Ó wá rò ó pé, irú ìdáhùn báyìí ni wọ́n fún ìyá yìí nígbà kan. Abẹ́rẹ́ ibà ni.

"Wàrà oorun ni," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Mo po oògùn amúrakú mọ́ ọn kó má baà jó yín. Mi ò fẹ́ sọ fún yín."

Ṣówándé dìde dúró. "Dókítà!"

"Mo mọ̀." Ó ju síríńjì náà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Fákúnlé káwọ́ lérí, ó ń sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu. "Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ẹ lè fẹ̀sùn kàn mí tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi màmá ní ìbéèrè kan. Màmá, nígbà tí ẹ fa ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ṣé torí pé ó dùn yín ni, àbí ẹ ò fẹ́ ká ṣiṣẹ́ abẹ yìí?"

Ìyá náà wo ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló sọ.

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ti ń bà mí kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ yẹn wá. Láti ọdún yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú mi sùn rí. Iná yẹn wọ apá mi, ọwọ́ mi sì fò. Ṣé ìrora ló fà á ni? Ṣé ọmọdébìnrin ọjọ́sí ló fà á? Èmi tí mo kọ́ gbogbo ayé pé ara kì í parọ́, ara mi sọ̀rọ̀ tán, mi ò mọ ohun tó wí."

Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀ ti ibùsùn náà, kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ìyá náà dọ́gba.

"Ẹ wò ó, Màmá, ìrora ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè dáhùn ohun tí wọ́n ń bi í. Ẹ jẹ́ kí n mú iná yẹn kúrò. Bí ọwọ́ yín bá tún fò lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ pé rárá, èmi náà á sì gbọ́."

"Apá tó kú kò lè jẹ́rìí," ni Ṣówándé wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kóun tún un sọ.

"Apá kọ́ ni mo fẹ́ pa kú. Inú iṣan lásán ni. Màá fi rọ́bà so apá yín lókè, màá ti oògùn amúrakú díẹ̀ sí iṣan tó wà nísàlẹ̀ rọ́bà yẹn, màá sì jẹ́ kó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó tú u. Á pa inú iṣan lára kú. Ọwọ́ yín á ṣì lè di ìkúùkù. Á ṣì lè gbá mi létí, bí ẹ bá fẹ́."

Ohun kan tó fẹ́ jọ ẹ̀rín gba ojú ìyá náà kọjá. Kò pẹ́ tó fi pòórá. Inú ti tún run ún, ó káwọ́ mọ́ ikùn, ó ń kérora. Iná ìfúnpá lára ògiri ti ń sún mọ́ ibi tí kò dára.

"Ẹ̀rọ ò ní gbà," ni Ṣówándé wí. "Gbàrà tí amúrakú bá kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn."

"Òfin ní ìpín kan," ni Ìyá Moróhunfólú wí láàárín eyín.

"Ìyá?"

"Ìpín tó kẹ́yìn. O kà á nílé ẹ̀kọ́ yín, ó dájú. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i, fún àwọn abúlé tí kò níná nígbà yẹn. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kí aṣojú òfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, kó sì jẹ́rìí fúnra rẹ̀."

"Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́, Ìyá. Ẹ ṣáà ń rí i, ó ń ṣiṣẹ́."

"Ó gbọ́ igbe, ó ní ìkọ̀ ni. Èmi tí mo ké ò tíì mọ̀ bóyá ìkọ̀ ni. Ṣé èyí tó mọ̀ jù mí lọ nípa ara mi ni ò bàjẹ́?"

Ṣówándé nu ọwọ́ sára aṣọ eérú rẹ̀. Gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Bí ó bá tú ẹ̀gbà yẹn, ẹ̀rọ yóò ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí Ilé Ìjẹ́rìí, níbi tí Ìgbìmọ̀ ti ń ṣọ́ òfin náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò dé. Bí ìyá náà bá kú sórí tábìlì, ọrùn òun àti ti dókítà ni ọ̀ràn náà yóò jókòó sí. Bí kò bá tú u, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá tó ṣòfin yóò sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Màmá mi náà dùbúlẹ̀ sí irú àgọ́ yẹn," ló sọ lójijì. Kò sẹ́ni tó bi í. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yìí."

"Nígbà náà, ṣe iṣẹ́ náà," ni ìyá náà dá a lóhùn.

Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú ẹ̀gbà irin náà.

"Ẹlẹ́rìí ti kúrò lára," ni ohùn tútù náà wí. "Mo ti ránṣẹ́ sí Ilé Ìjẹ́rìí." Iná rẹ̀ kú. Ṣówándé gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ohun tó lè bú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ tínrín náà mú.

* * *

Ìbírónkẹ́ so rọ́bà mọ́ apá ìyá náà. Ó ti omi gaara náà sí iṣan tó dà bí òwú. Ìyá náà fajú ro díẹ̀. Kò ké.

Wọ́n ń dúró. Kò sí ohun tó nira bíi kéèyàn dúró nígbà tí ẹ̀mí ń lọ, àmọ́ bó bá yára tú rọ́bà náà, oògùn yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́, asán ni yóò já sí. Fákúnlé ń wo ìfúnpá tó ń wálẹ̀. Ó ṣáà ń ṣí ọwọ́ rẹ̀, ó ń pa á dé.

"Màmá, ẹ di ìkúùkù."

Ó di í.

"Ẹ fà á kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé."

Ó fà á, ọwọ́ náà sì já gbà. Ṣówándé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Apá yìí ò kú," ló wí, ó sì tún dì í mú. "Mo jẹ́rìí. Apá yìí ò kú rárá."

Ìró ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ lókè òrùlé, ó ń kùn bí agbọ́n. Ìbírónkẹ́ tú rọ́bà náà. Ó mú wàrà oorun tí kò po mọ́ nǹkan kan, ó fi han ìyá náà kó rí i, ó sì fi ẹnu síríńjì sí àyè rẹ̀.

"Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ fa ọwọ́ yín."

Oògùn funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀díẹ̀. Ìbírónkẹ́ ò wo síríńjì náà, ojú ìyá náà ló ń wò. Kò sí ìfajúro. Iwájú orí tó ti ń so látàárọ̀ ti tú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wúwo.

Ó sì fa ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe bí ti àkọ́kọ́. Ó rọra fà á ni, títí ó fi kúrò lọ́wọ́ Ṣówándé, ó sì gbé e lé àyà ara rẹ̀.

Ìbírónkẹ́ dúró.

"Máa tì í lọ!" Fákúnlé pariwo. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, Rónkẹ́! Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, tì í!"

Wọ́n ti ń gbá ilẹ̀kùn ìta. Ohùn kan ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Ìfúnpá ìyá náà tún já wálẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo ara Ìbírónkẹ́ ló ń sọ fún un pé kó ti àtàǹpàkò náà. Bí ó bá tì í, obìnrin yìí á yè, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára síríńjì pátápátá. Ó gbé e sẹ́yìn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti dúró, Màmá. Ṣé ó jó yín ni?"

"Kò jó." Ohùn ìyá náà ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. "Ó kàn tutù."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ mọ́?"

Ìyá náà wò ó títí. Ó wo ọwọ́ tó gbé sẹ́yìn. Ó wo Ṣówándé tó na àtẹ́lẹwọ́ òfìfo sílẹ̀ tí kò sì gbìyànjú láti tún un mú.

"O dúró lóòótọ́," ló wí, bí ẹni tó rí ohun tí kò gbà gbọ́ pé ó wà láyé. "Mo ní kí n rí i bóyá wàá dúró."

Ó gbé ọwọ́ náà kúrò láyà, ó sì fi í padà sínú ọwọ́ Ṣówándé fúnra rẹ̀.

"Ó yá. Mú mi sùn."

* * *

Ẹ̀ṣọ́ kì í wọ yàrá tí ikùn èèyàn ti là sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí títí Fákúnlé fi gé ìfun tó ti dúdú kúrò, tó so èyí tó ṣì láwọ̀ ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tó sì rán ojú abẹ náà pa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì wo Ìbírónkẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi èjìká kan tirẹ̀.

"Èmi ì bá tì í," ló wí. "Ọlọ́run ló mọ̀, èmi ì bá tì í."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Ìyá Moróhunfólú la ojú. Òfin ní ìbéèrè kan tí aṣojú gbọ́dọ̀ bi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ká tó fún un lómi pàápàá. Ṣówándé tẹ̀ síwájú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ti wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

"Ìyá, ohun tí wọ́n ṣe sí yín lára, ṣé ẹ gbà kí wọ́n ṣe é?"

"Mo gbà," ni ìyá náà wí. Ohùn rẹ̀ há, àmọ́ kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. "Mo kọ̀, wọ́n dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbà."

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ wo aṣojú òfin. "Ìyẹn ò pa ọ̀ràn ẹ̀gbà tí ẹ tú rẹ́, Ọ̀gbẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò pa ti oògùn amúrakú tí ẹ jẹ́wọ́ rẹ́. Ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n ń dúró de ẹ̀yin méjèèjì."

"A ń bọ̀," ni Ṣówándé wí.

Ìbírónkẹ́ bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún aṣọ ìbora ṣe lọ́rùn ìyá náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ tó ti wú díẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Lẹ́yìn náà ló bá wọn jáde. Kò mọ ohun tí yóò sọ fún Ìgbìmọ̀. Kò mọ̀ bóyá yóò tún mú ẹnikẹ́ni sùn mọ́ láyé rẹ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà nígbà tí ó gbọ́ ohùn Fákúnlé lẹ́yìn, ohùn ẹni tí nǹkan fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀ dìde! Ojú abẹ yín ṣì tutù! Ibùsùn, dúró! Mo ní dúró!"

Ṣùgbọ́n ní Òkè-Àbò, ibùsùn aláìsàn kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi ẹni tó dùbúlẹ̀ lé e.

"Mi ò dìde, mo dùbúlẹ̀," ni ohùn ìyá náà ń wí. "Dókítà, ta ló bi mí bóyá mo gbà láti dúró sínú yàrá? Ibùsùn, máa tẹ̀lé wọn lọ síwájú Ìgbìmọ̀, mo fẹ́ jẹ́rìí. Má sáré o, inú ń dùn mí."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró. Ìbírónkẹ́ yíjú padà. Ibùsùn náà ń bọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rọra yí táyà rẹ̀, ìgò omi ń mì lókè rẹ̀, Dókítà Fákúnlé sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń sáré tẹ̀lé e.